Abẹ́rẹ́ àti Òmìnira: Ìtàn Kúììtì Rírán ní Káúńtì Prince George's

Ní 1994, àwọn adúláwọ̀ kan tí wọ́n fẹ́ràn abẹ́rẹ́ dá ẹgbẹ́ aránkúììtì sílẹ̀ ní káúńtì Prince George's, ní Maryland, níbi tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń gbé. Uhuru ni wọ́n pe ẹgbẹ́ náà. Èdè Swahili ni ọ̀rọ̀ yìí, òmìnira ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, ẹ lè bi wá, bí àwa náà ti bi ara wa, pé kí ló da òmìnira pọ̀ mọ́ aṣọ ìbora. Ẹni tí ó ń rán aṣọ láti fi gbafẹ́ ní ọjọ́ Sátidé, kí ni ó ń fi irú orúkọ ńlá bẹ́ẹ̀ ṣe? Ìdáhùn ìbéèrè yìí ni a wá lọ sínú ìtàn, a sì rí i pé kò jìnnà sí wa rárá. Apá kan nínú rẹ̀ wà ní Landover, níbi tí ọkọ̀ ń gbé wa kọjá lójoojúmọ́.

Kí a kọ́kọ́ sọ ohun tí kúììtì jẹ́ fún ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti ilé. Kúbùsù onípele mẹ́ta ni. Ti òkè ni ojú ń rí: ègé aṣọ wẹ́wẹ́ ni wọ́n ń lẹ̀ pọ̀ títí yóò fi fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀dì, tàbí kí wọ́n gé àwòrán láti ara aṣọ kan kí wọ́n sì rán an mọ́ orí òmíràn. Òwú tí ó ń mú ooru wá ni ó wà ní àárín. Aṣọ kan gbalaja ni ti ìsàlẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò fi abẹ́rẹ́ gún pele mẹ́tẹ̀ẹ̀ta já, tí wọn yóò máa rán an lọ, tí wọn yóò máa rán an bọ̀, kí òwú inú rẹ̀ má baà ṣùjọ sí ojú kan. Lọ́wọ́ ẹni tí ó mọ̀ ọ́n dáadáa, abẹ́rẹ́ lè wọlé kí ó sì jáde ní ìgbà mẹ́wàá láàárín ínǹṣì kan ṣoṣo. Kúììtì ńlá tí a bá fi ọwọ́ rán lè gba oṣù púpọ̀, ó sì lè gba ọdún. Àwọn mìíràn a tún fi òwú aláràbarà ya òdòdó, ẹyẹ tàbí orúkọ sí i lára, bí àwọn ìyá wa ti ń ṣe sí aṣọ orí tábìlì nígbà tí wọ́n wà ní ilé ẹ̀kọ́. Àwọn àgbà wa sọ pé dàńdógó kọjá ẹ̀wù àbínúdá. Kúììtì náà kọjá bẹ́ẹ̀.

Ọdún 1696 ni wọ́n dá káúńtì yìí sílẹ̀. Orúkọ George, ọmọ ọba Denmark tí ó jẹ́ ọkọ Anne tí ó padà di ọbabìnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni wọ́n fi sọ ọ́. Tábà ni wọ́n ń gbìn níbẹ̀, iṣẹ́ tábà kì í sì í jẹ́ kí ọwọ́ sinmi láti ìgbà tí a bá ti gbin ín títí di ìgbà tí a bá dì í sínú àgbá. Àwọn ẹrú ni wọ́n ń ṣe é. Nígbà tí ìjọba ka ènìyàn ní 1860, ẹrú tí ó wà ní Prince George's lé ní 12,000. Wọ́n ju ìdajì àwọn ará káúńtì náà lọ, kò sì sí káúńtì mìíràn ní Maryland tí ẹrú pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń kàwé ní College Park, ẹ rántí pé ilé ẹ̀kọ́ àgbẹ̀ tí ó di yunifásítì yín, tí ó gba ìwé àṣẹ ní 1856, orí ilẹ̀ Charles Benedict Calvert ni wọ́n kọ́ ọ sí. Ilé ìdílé rẹ̀, Riversdale, ṣì dúró ní Riverdale Park. Calvert ní ẹrú.

Ohun kan wà nínú ìwé ìkànìyàn 1850 àti ti 1860 tí ó dùn wá púpọ̀. Wọ́n kọ orúkọ ẹni tí ó ni ẹrú. Lábẹ́ rẹ̀, wọ́n kọ ọjọ́ orí ẹrú kọ̀ọ̀kan, bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin, àti bí àwọ̀ rẹ̀ ti rí. Wọn kò kọ orúkọ ẹrú náà sílẹ̀. Ẹni tí ó bá ń wá ìyá ńlá rẹ̀ nínú ìwé yẹn lónìí lè rí obìnrin ọlọ́dún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, kí ó má sì mọ̀ bóyá òun ni tàbí òun kọ́. Àwa tí a ń sọ ọmọ lórúkọ ní ọjọ́ kẹjọ, tí a tún ń fi oríkì lé e, ẹ wo irú nǹkan tí èyí jẹ́.

Ẹ sì wo ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ ní Baltimore, ní ìhà àríwá wa, ní àkókò yẹn gan-an. Láti nǹkan bí 1846 sí 1852, kúììtì kan gbayì níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní kúììtì álíbọ́ọ̀mù. Àwọn obìnrin, tí púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, a pín in ṣe: olúkúlùkù yóò rán ojú kan, ìyẹn òdòdó, èso tàbí ẹyẹ, yóò sì fi yíńkì kọ orúkọ rẹ̀ sí i. Wọn a wá kó gbogbo rẹ̀ pọ̀, wọn a fi ta ẹnì kan lọ́rẹ. Kúììtì wọ̀nyí rẹwà, a kò ní purọ́ mọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ní ìpínlẹ̀ kan náà, láàárín ọdún díẹ̀ náà, orúkọ obìnrin kan wà lára kúbùsù, ti obìnrin kejì kò sì sí nínú ìwé ìjọba.

Abẹ́rẹ́ kò ṣàjèjì sí àwọn ẹrú. Àwọn obìnrin kan wà láàárín wọn tí iṣẹ́ wọn kò ju kí wọ́n máa rán aṣọ fún ìdílé ọ̀gá wọn. Tiwọn ni ó di òru kí wọ́n tó lè dáwọ́ lé. Láti 1936 sí 1938, ìjọba rán àwọn ènìyàn lọ sí ìpínlẹ̀ púpọ̀, Maryland náà wà lára wọn, láti fi ọ̀rọ̀ wá àwọn arúgbó tí wọ́n ti jẹ́ ẹrú rí lẹ́nu wò. Ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀, àwọn arúgbó wọ̀nyí ròyìn òru kúììtì: bí wọ́n ṣe ń péjọ yí aṣọ kan ká, bí oúnjẹ ṣe máa ń wà, bí ijó ṣe máa ń tẹ̀lé e. Àkísà aṣọ tí ó ti gbó mọ́ ẹni lára ni wọ́n ń lẹ̀ pọ̀, òtútù ni wọ́n sì ń bá jà. Ẹni tí ó bá pe èyí ní iṣẹ́ ìgbafẹ́ kò mọ ohun tí ó ń sọ. Síbẹ̀, nínú gbogbo wákàtí ọjọ́ náà, wákàtí yẹn nìkan ni ọwọ́ wọn ń ṣiṣẹ́ fún ara wọn.

A kò lè sọ̀rọ̀ Maryland kí a má dárúkọ Harriet Tubman, ọmọ káúńtì Dorchester ní òdì kejì òkun Chesapeake. Ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ sọ pé kúììtì kan wà tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ rán, tí ó sì fẹ́ràn gidigidi. Nígbà tí ó sá kúrò lóko ẹrú ní 1849, obìnrin aláwọ̀ funfun kan ràn án lọ́wọ́. Kò sí ohun mìíràn tí ó lè fún un, ó kó kúììtì náà lé e lọ́wọ́.

Ìtàn kékeré yìí tó wa. Ṣùgbọ́n òmíràn wà tí ó gbajúmọ̀ jù ú lọ. Ní 1999, wọ́n tẹ ìwé kan jáde, Hidden in Plain View, tí ó sọ pé àwọn ẹrú ń ta kúììtì sí ojú fèrèsé gẹ́gẹ́ bí àrokò: àwòrán kan ń sọ pé kí wọ́n múra, òmíràn ń sọ pé kí wọ́n máa lọ. Inú wa dùn nígbà tí a kọ́kọ́ gbọ́ ọ, nítorí ta ni ó mọ àrokò ju Yorùbá lọ? Nígbà tí a wá wádìí rẹ̀, ẹnu obìnrin kan ṣoṣo tí ó ń ta kúììtì ní Charleston ni ìtàn náà ti jáde. Àwọn tí wọ́n sá kúrò lóko ẹrú, tí wọ́n sì kọ ìwé fúnra wọn, kò mẹ́nu kàn án. William Still tí ó kọ ìròyìn ọgọ́rọ̀ọ̀rún àwọn tí ó kọjá lọ́wọ́ rẹ̀ ní Philadelphia kò mẹ́nu kàn án pẹ̀lú. Ọ̀pọ̀ àwọn onímọ̀ ìtàn kò gbà á gbọ́, àwa náà kò sì gbà á gbọ́. Kúììtì tí Tubman fi ṣe ẹ̀bùn ti tó ohun tí à ń sọ lórí.

Ọjọ́ kìíní oṣù Kọkànlá, 1864, ni òfin tuntun dá gbogbo ẹrú Maryland sílẹ̀. Ṣùgbọ́n obìnrin kan wà tí ó ti fi abẹ́rẹ́ ra ara rẹ̀ padà ṣáájú ọjọ́ náà. Orúkọ rẹ̀ ni Elizabeth Keckley, òun sì ni a ní lọ́kàn nígbà tí a dárúkọ Landover lókè.

Ní 1818 ni wọ́n bí i ní Dinwiddie, ní Virginia, sínú oko ẹrú. Ìyá rẹ̀ tí ó ń rán aṣọ fún ìdílé ọ̀gá wọn ni ó kọ́ ọ ní abẹ́rẹ́. Wọ́n nà án, wọ́n sì fi ipá bá a lò, nínú èyí tí ó ti bí ọmọkùnrin kan ṣoṣo tí ó ní. Nígbà tí àwọn tí ó ni ín kó lọ sí St. Louis, tí owó wọn ti tán, òun ni wọ́n ní kí ó jáde lọ máa rán aṣọ fún àwọn ará ìlú kí wọ́n lè rí nǹkan jẹ. Nínú ìwé tí ó kọ ní 1868 nípa ìgbésí ayé rẹ̀, ó ṣe ìṣirò rẹ̀: fún ọdún méjì àti oṣù márùn-ún, abẹ́rẹ́ rẹ̀ ni ó bọ́ ènìyàn mẹ́tàdínlógún. Bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Nígbà tí ó béèrè iye tí òun àti ọmọ rẹ̀ yóò san kí wọ́n tó di òmìnira, 1,200 dọ́là ni wọ́n dá lé wọn. Àwọn oníbàárà rẹ̀ yá a lówó náà, ó gba ìwé òmìnira rẹ̀ ní oṣù Kọkànlá, 1855, ó sì rán aṣọ títí ó fi san gbèsè náà tán.

Ní 1860 ó kọ́kọ́ dé Baltimore, ó fẹ́ dá kíláàsì sílẹ̀ níbi tí àwọn ọmọbìnrin dúdú yóò ti máa kọ́ aṣọ rírán, kò bọ́ sí i. Ó kọjá sí Washington. Láàárín ọdún kan, ó ti ń rán aṣọ fún ìyàwó Jefferson Davis, ẹni tí ó padà di olórí àwọn ọlọ̀tẹ̀ ìhà gúúsù. Nígbà tí ó sì di oṣù Kẹta, 1861, ó bẹ̀rẹ̀ sí rán ti Mary Lincoln, ìyàwó ààrẹ. Ní oṣù Kẹjọ ọdún náà, ọmọ rẹ̀ kú sójú ogun ní Wilson's Creek, ní Missouri. Ní 1862 ó dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ láti ran àwọn tí wọ́n ń sá kúrò lóko ẹrú wá sí Washington lọ́wọ́. Púpọ̀ nínú wọn, àwọn oko tábà Maryland ni wọ́n ti wá.

Kúììtì kan wà ní ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé Kent State University, ní Ohio, tí wọ́n sọ pé Keckley ni ó rán an, láti inú ègé sílíkì tí ó ṣẹ́kù lára àwọn aṣọ Mary Lincoln. Ẹyẹ idì kan wà ní àárín rẹ̀, wọ́n sì fi abẹ́rẹ́ kọ ọ̀rọ̀ kan sí i: Liberty. Tí a bá tún ń béèrè ohun tí ó da òmìnira pọ̀ mọ́ aṣọ ìbora, ọwọ́ aránṣọ kan ti kọ ọ́ síbẹ̀ kí wọ́n tó bí ìyá wa àgbà.

Ìwé 1868 yẹn ba ọ̀nà oúnjẹ rẹ̀ jẹ́. Àwọn ènìyàn ní ó tú àṣírí ilé ààrẹ, àwọn oníbàárà sì fà sẹ́yìn. Ní 1892 ó lọ kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní aṣọ rírán ní Wilberforce University, ní Ohio. Ó padà sí Washington, ó sì kú ní 1907 ní ilé àwọn aláìní. Wọ́n sin ín sí itẹ́ òkú àwọn adúláwọ̀ tí wọ́n ń pè ní Columbian Harmony. Ní 1960, wọ́n ta ilẹ̀ itẹ́ náà, wọ́n sì kó nǹkan bí 37,000 òkú kúrò níbẹ̀ lọ sí National Harmony Memorial Park ní Landover, ní káúńtì wa yìí. Òkúta orí sàréè kò bá wọn lọ. Àwọn kan nínú òkúta náà ni wọ́n rí lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún ní etí odò Potomac, ní Virginia, níbi tí wọ́n ti kó wọn jọ kí omi má baà jẹ ilẹ̀. Ibi tí itẹ́ náà wà tẹ́lẹ̀ ni wọ́n kọ́ ibùdó ọkọ̀ ojú irin Rhode Island Avenue sí, èyí tí wọ́n ṣí ní 1976. Àádọ́ta ọdún ni Keckley fi wà ní Landover láìsí orúkọ lórí rẹ̀. Ní 2010 ni wọ́n tó gbé òkúta sí i.

Ọ̀rọ̀ náà kò parí sí ọ̀dọ̀ Keckley. Ní Washington, nínú àkójọ National Museum of American History, kúììtì kan wà tí Harriet Powers rán ní 1885 sí 1886. Ẹrú ni wọ́n bí òun náà, ní Georgia, ní 1837. Àwòrán tí ó gé láti ara aṣọ ni ó fi sọ ìtàn Bíbélì ní ojú mọ́kànlá: Ádámù àti Éfà, Kéènì tí ó pa Ébẹ́lì, àlá Jákọ́bù, Júdásì àti ọgbọ̀n owó fàdákà. Ó gbé e lọ sí ìpàtẹ òwú ní ìlú Athens ní 1886. Jennie Smith, olùkọ́ iṣẹ́ ọnà, fẹ́ rà á, Powers kọ̀. Nígbà tí ìyà dé ní nǹkan bí 1891, ó gbé e wá. Dọ́là mẹ́wàá ni ó pè é, márùn-ún ni ó gbà. Kí ó tó fi í sílẹ̀, ó ṣàlàyé ojú kọ̀ọ̀kan, Smith sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ó tún padà wá wò ó nígbà mélòó kan lẹ́yìn náà, bí ẹni tí ó lọ wo ọmọ tí ó fi fún alágbàtọ́.

Ọ̀rọ̀ wa dé ibi tí ó le díẹ̀. Ẹni tí ó bá ti rí aṣọ àwọn ọba Dahomey ní Abomey, níbi tí wọ́n ti ń gé kìnnìún, ẹja àti ẹyẹ mọ́ orí aṣọ, tí ó sì wá rí iṣẹ́ Powers, yóò pariwo pé ọ̀kan náà ni wọ́n. Ẹni tí ó bá ti rí aṣọ òkè wa, tí a ń rán títẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ títẹ́ẹ́rẹ́, tí ó sì rí kúììtì àwọn obìnrin Gee's Bend ní Alabama, tí wọ́n pàtẹ ní Corcoran ní Washington ní 2004, yóò sọ bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n kan ti sọ ọ́ sínú ìwé. Nínú ẹgbẹ́ wa, gbólóhùn tí ó máa ń tẹ̀lé e ni pé: ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ti kó o.

Ẹ jẹ́ kí a rọra. Òfin Amẹ́ríkà ti fi òpin sí kíkó ẹrú wọlé láti òkè òkun ní 1808. Àwọn Yorùbá tí wọ́n kó lẹ́rú, lẹ́yìn ọdún yẹn ni ọ̀pọ̀ jù nínú wọn bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tá, nígbà tí ìjọba Ọ̀yọ́ ń wó, láti ọ̀tẹ̀ Àfọ̀njá títí dé ogun Òwu àti àwọn ogun tí ó tẹ̀lé e. Bahia àti Cuba ni wọ́n kó wọn lọ. Àwọn tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà sílẹ̀ lójú òkun bọ́ sí Freetown. Àwọn tí wọ́n kó wá sí Maryland àti Virginia, ilẹ̀ Igbo, Senegal àti Gambia, àti ìhà Congo àti Angola ni ọ̀pọ̀ wọn ti wá. A mọ̀ pé ọkọ̀ Clotilda kó 110 ènìyàn wọ Mobile, ní Alabama, lọ́nà ẹ̀bùrú ní 1860, àti pé àwọn tí ń sọ Yorùbá wà lára wọn. Ìwọ̀nba díẹ̀ ni wọ́n. Àwọn díẹ̀ yìí kọ́ ni ó kọ́ gbogbo Amẹ́ríkà ní kúììtì.

Ohun mìíràn tún wà. Nílé wa, ọkùnrin ni ó ni abẹ́rẹ́ olówó iyebíye. Àwọn tí wọ́n ń rán aṣọ ọba ní Abomey, ọkùnrin ni wọ́n. Àwọn tí wọ́n ń fi ọwọ́ ṣe iṣẹ́ ọnà sí ọrùn àti àpò agbádá ní Ìbàdàn, Ìlọrin àti Ọ̀yọ́, ọkùnrin ni wọ́n, mùsùlùmí sì ni púpọ̀ nínú wọn. Ọ̀pọ̀ nínú ọnà náà bá ti Nupe àti ti Hausa tan. Ọ̀kan nínú rẹ̀ ni Hausa ń pè ní aska biyu, èyí ni ọ̀bẹ méjì. Iṣẹ́ owó ni, kì í ṣe iṣẹ́ ìgbafẹ́. Ẹ̀kú egúngún ni ó sún mọ́ kúììtì jù lójú tiwa: àwẹ́ aṣọ lórí àwẹ́ aṣọ, tí etí rẹ̀ rí ṣóńṣó-ṣóńṣó bí eyín ayùn, tí ìdílé ń fi kún lọ́dọọdún fún baba wọn tí ó ti kọjá lọ. Ní ti àwọn obìnrin, ilé ẹ̀kọ́ ìjọ ni ọ̀pọ̀ wọn ti kọ́ iṣẹ́ abẹ́rẹ́. Ní Kúdẹtì, Ìbàdàn, níbi tí Anna Hinderer àti ọkọ rẹ̀ ti dé ní 1853, aṣọ rírán wà lára ohun tí wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ. Ẹ wá wo Nike Okundaye, ọmọ Ògìdì tí wọ́n bí ní 1951, tí ó fi abẹ́rẹ́ àti òwú ya àwòrán ní Òṣogbo títí ó fi wá sí ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ Haystack ní Maine ní 1974. Òun kò dúró de ẹnikẹ́ni kí ó tó gba abẹ́rẹ́ náà lọ́wọ́ ọkùnrin.

Nítorí náà, a kò ní sọ fún aránkúììtì kankan ní Prince George's pé àwa ni a ni iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Tirẹ̀ ni. Inú òru tí a kò fún un ni ó ti yọ ọ́. Bí ó bá bi wá léèrè aṣọ wa, a ó sọ ohun tí a mọ̀ fún un, a ó sì jókòó.

Ìjókòó yìí gan-an sì ni adùn iṣẹ́ náà. Ní 1980, Viola Canady àti Etta Portlock dá ẹgbẹ́ Daughters of Dorcas sílẹ̀ ní Washington, tí wọ́n fi sọrí Dọ́kásì inú Bíbélì, ẹni tí ó ń rán aṣọ fún àwọn opó ní Jópà. Àwọn ọkùnrin náà wọlé tọ̀ wọ́n nígbà tó yá, ni wọ́n bá fi "and Sons" kún orúkọ náà. Ní 1985, Carolyn Mazloomi bẹ̀rẹ̀ Women of Color Quilters Network tí ó so àwọn aránkúììtì dúdú pọ̀ káàkiri Amẹ́ríkà. Lẹ́yìn wọn ni Uhuru dé ní káúńtì wa. Lọ́jọ́ ìsinmi, obìnrin tí ó ti ṣiṣẹ́ ìjọba ní gbogbo ọ̀sẹ̀ yóò gbé àpótí rẹ̀ dání, yóò jókòó ti ọ̀rẹ́ rẹ̀, yóò sì tú ojú tí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn ká láìsí ẹni tí yóò bá a wí. Kò sí ọ̀gá tí aṣọ náà yóò bọ́ sí lọ́wọ́. Tí ó bá fẹ́, kí ó fi ọdún mẹ́ta rán an. Ẹ má rò pé nǹkan kékeré ni kí ènìyàn ní àkókò tí ó lè fi ṣòfò bí ó bá ti wù ú, ní orí ilẹ̀ tábà yìí.

Àwa mélòó kan nínú ẹgbẹ́ ti ń dán an wò láti ìgbà òtútù tó kọjá. Abẹ́rẹ́ gún wa níka, ó tún gún wa. Ohun tí kò jẹ́ kí a jáwọ́ ni pé ẹnu a máa là nígbà tí ọwọ́ bá ń ṣiṣẹ́. Ẹni tí kò lè wo ojú ẹlòmíràn kí ó sọ pé ìdánwò ti fẹ́ pa òun, tàbí pé ọ̀rọ̀ ìwé ìgbélùú kò jẹ́ kí òun sùn, a lè sọ ọ́ fún aṣọ tí ó wà lórí itan rẹ̀, ará ìyókù a sì gbọ́. Ẹ̀yin ọkùnrin tí ẹ ń rẹ́rìn-ín, ẹ padà lọ ka ohun tí a sọ nípa agbádá.

Ohun tí a ní lọ́pọ̀ jù ni ègé aṣọ ẹbí. Kò sí Sátidé tí àwọn ènìyàn wa kì í ṣe ayẹyẹ ní agbègbè yìí, tí tẹ́lọ̀ bá sì ti gé aṣọ tán, ìyókù a wà nínú ọ̀rá lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì títí a ó fi kó kúrò nílé. Àǹkárá ìsìnkú ìyá àgbà wà níbẹ̀, aṣọ òkè ìgbéyàwó wà níbẹ̀, léèsì ìsọmọlórúkọ wà níbẹ̀. A ti bẹ̀rẹ̀ sí kó wọn jọ fún kúììtì ẹgbẹ́. Ẹni tí ó bá ní ègé tí ó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́, kí ó mú un wá sí ìpàdé tí ń bọ̀, kí ó sì so ìwé pélébé mọ́ ọn: orúkọ ẹni tí ó ni ayẹyẹ, ìlú rẹ̀, àti ọdún. Kí ó fi àmì ohùn sí orúkọ náà dáadáa, nítorí òwú pupa ni a ó fi rán an.